Gíláàsì ọkọ̀ tí ń fà tìkọ̀: ẹ yẹ rọ́bà rẹ̀ wò kí ẹ tó ra máṣíìnì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Badagry ni mò ń gbé, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004 ni mo sì ń lò. Gíláàsì ilẹ̀kùn awakọ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ń wáìn ín sókè, yóò máa fà tìkọ̀, nígbà mìíràn yóò sì dúró sí agbedeméjì. Ríwáyà àdúgbò wa ní kí n ra máṣíìnì tuntun, ìyẹn mọ́tò kékeré inú ilẹ̀kùn tó ń gbé gíláàsì sókè sódò. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Bí gíláàsì bá ń sọ̀kalẹ̀ dáadáa, tó wá ń fà tìkọ̀ bó bá ń gòkè, rọ́bà tí gíláàsì ń gba àárín rẹ̀ kọjá ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ìwúwo gíláàsì fúnra rẹ̀ ń ran máṣíìnì lọ́wọ́. Nígbà tó bá ń gòkè, máṣíìnì nìkan ló ń ru ìwúwo yẹn, tó sì tún ń bá rọ́bà tó fún un mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì jìjàkadì. Ní etíkun wa níbí, iyanrìn kì í jìnnà sí ihò rọ́bà náà, oòrùn sì ń sọ ọ́ di líle.

Ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ pátápátá, kí ẹ wé aṣọ tó tutù mọ́ igi pẹlẹbẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tì í bọ ihò rọ́bà náà láti òkè dé ibi tí ọwọ́ yín bá lè dé. Ẹ óò rí ẹrẹ̀ dúdú lára aṣọ náà. Ẹ máa nù ún títí aṣọ yóò fi jáde ní mímọ́. Bó bá gbẹ, ẹ fín silicone (òróró inú agolo tí a ń fín) sí i, kí ẹ wá wáìn gíláàsì náà lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí gírísì: wọ́n ń ba rọ́bà jẹ́, iyanrìn á sì tún lẹ̀ mọ́ wọn.

Bí kò bá yí padà, ó ku iná. Ẹ ní kí ríwáyà fi mítà wọn iná tó dé ẹnu máṣíìnì gan-an, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn sì tẹ súìtì mọ́lẹ̀ bó ti ń wọ̀n ọ́n. Bí fólítì bá já sí 9 tàbí 10, súìtì tó ti jó nínú tàbí wáyà tó ń ṣẹ́ níbi tí ilẹ̀kùn ti ń pàdé ara ọkọ̀ ló jẹ̀bi, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn ni wáyà yẹn ń tẹ̀. Bó bá lé ní 12, tí gíláàsì ṣì ń fà, a jẹ́ pé máṣíìnì tàbí okùn irin tó fi ń fa gíláàsì ti gbó.

Tí gíláàsì bá dúró, tó sì tún ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, máṣíìnì ló gbóná tó pa ara rẹ̀. Ẹ má di súìtì mú. Kí ríwáyà tó tú máṣíìnì, kó fi téèpù so gíláàsì mọ́ òkè ilẹ̀kùn, kó má baà já lulẹ̀. Bó bá sì di pé ẹ óò ra tòkúnbọ̀, ẹ ní kí ọlọ́jà fi bátìrì dán an wò níṣojú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì rí i pé ti apá awakọ̀ ni, torí pé ti òsì kì í sábà bá ti ọ̀tún mu.