Mítà gíga ni kí ẹ kà: gígun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn ìlú orí òkè Toscana

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún gun kẹ̀kẹ́ kiri Toscana ní Ítálì: San Gimignano, Volterra, Siena, Montalcino, títí dé Montepulciano. Kìlómítà 110 lójúmọ́ lẹ fẹ́ máa rìn, jíà yín tó fúyẹ́ jù sì jẹ́ eyín 39 níwájú, eyín 25 lẹ́yìn. Ẹ ní 110 kì í ni yín lára lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ wá ń béèrè bóyá ó ṣeé ṣe níbẹ̀. Irin-àjò yẹn ṣeé ṣe, ó sì dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú jíà yẹn, kì í sì í ṣe pẹ̀lú 110 yẹn. Ẹsẹ̀ mi àti orúnkún mi ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí náà ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ní agbègbè yẹn, kìlómítà kò sọ ohun púpọ̀ fún yín. Gíga ni kí ẹ máa wò. Láàárín Florence àti Siena, ní Chianti, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kì í pẹ́ tán. Ẹ ó gùn, ẹ ó sọ̀, ẹ ó tún gùn, láàárọ̀ títí dalẹ́. Ọ̀nà tó gùn jù nínú L'Eroica, ayẹyẹ gígun kẹ̀kẹ́ àtijọ́, tó ti Gaiole in Chianti bẹ̀rẹ̀ tó sì parí síbẹ̀, jẹ́ kìlómítà 209, àpapọ̀ gíga tí ẹni tó gùn ún yóò gùn sì ju mítà 3,000 lọ dáadáa. Ẹni tí ara rẹ̀ le, àmọ́ tí kì í fi kẹ̀kẹ́ jẹun, sábà máa ń gun nǹkan bíi mítà 500 sí 600 ní wákàtí kan. Tí 110 yín bá ní mítà 1,800 nínú, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ti lọ sórí òkè gígun nìkan, ẹ ò tíì ka sísọ̀kalẹ̀, oúnjẹ, omi, àti ìdúró láti wo ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Èmi kì í jẹ́ kí ó ju mítà 1,200 lọ lójúmọ́ bí ọjọ́ bá tẹ̀ léra. Kìlómítà á wá bọ́ sí nǹkan bíi 40 sí 70. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn kéré lójú yín.

Ó dára kí ẹ mọ ìdí tí àwọn ìlú náà fi wà lórí òkè, torí ẹsẹ̀ yín ló máa ru ẹrù rẹ̀. Ogun ló gbé wọn síbẹ̀, ibà náà sì lọ́wọ́ sí i. Siena àti Florence bá ara wọn jà fún ìgbà pípẹ́. Monteriggioni, tí Siena kọ́ láàárín 1213 sí 1219, ibi ìṣọ́ tó kọjú sí Florence ni, pẹ̀lú odi yípo àti ilé ìṣọ́ 14 lára rẹ̀. Nígbà tí Siena fúnra rẹ̀ ṣubú ní 1555, àwọn tó kọ̀ láti juwọ́ sílẹ̀ sá lọ sí Montalcino, wọ́n sì di ìjọba wọn mú níbẹ̀ títí di 1559. Ní ti ibà, irà ló kún àfonífojì Val di Chiana tó wà nísàlẹ̀ Montepulciano kí wọ́n tó fa omi rẹ̀ gbẹ. Àwọn tó tẹ àwọn ìlú yìí dó yan ibi tí ọ̀tá á ti rẹ̀ kó tó kan ẹnubodè, ọ̀nà náà kò sì yí padà nítorí pé kẹ̀kẹ́ lẹ̀yin gbé wá.

Ìdí nìyẹn tí òkè kan fi máa ń dúró dè yín ní ìparí ọjọ́, ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ó sì sábà máa ń le jù ní kìlómítà tó kẹ́yìn, nísàlẹ̀ odi gan-an. Ẹ ó rí ilé ìṣọ́ San Gimignano láti òkèèrè, ọkàn yín á balẹ̀ pé ẹ ti dé, ọ̀nà á wá sọ̀ lọ sí àfonífojì kó tó tún gbé yín sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Volterra, tó ga ní mítà 531: láti Saline di Volterra, ẹ ó gun nǹkan bíi kìlómítà 9 láìsí ibi tí ẹsẹ̀ ti lè sinmi dáadáa. Ẹni tó bá ti ná agbára rẹ̀ tán ní ọ̀sán á fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ wọ ìlú. Ẹ tọ́jú agbára mítà 300 tàbí 400 pamọ́ fún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì jẹun kí òkè ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí ẹ jẹ ní àárín òkè ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ jíà wá kàn. Ká ní ẹ̀yin, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù yín jẹ́ kílò 80, ẹ sì wà lórí òkè 12% (ó ń ga ní mítà 12 nínú mítà 100). Pẹ̀lú 39 sí 25, tí ẹ bá ń yí pẹ́dàlì ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ó máa lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 12 ní wákàtí, agbára tí yóò gbé yín sókè nìkan á sì ju wáàtì 300 lọ. Pẹ̀lú 34 níwájú àti 34 lẹ́yìn, ìyípo 60 kan náà á gbé yín ní nǹkan bíi kìlómítà 7.5, wáàtì 200 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ó yàtọ̀ gan-an. Ẹ lè rò pé ẹ ó kàn máa yí 39 yẹn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ló máa san gbèsè yẹn ní ọjọ́ kẹta. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Tí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ òkè, ẹ mú un ní ìwọ̀n tí ẹ lè fi sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ó máa ń dà bíi pé ẹ ń falẹ̀ jù ní kìlómítà àkọ́kọ́. Ẹ falẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀nà funfun, strade bianche, ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Wọn kò da ọ̀dà sí wọn, àárín ọgbà àjàrà àti oko àlìkámà ni wọ́n gbà. Torí kí wọ́n má bàa da ọ̀dà bò wọ́n ni wọ́n fi dá L'Eroica sílẹ̀ ní 1997, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ìdíje Strade Bianche ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun bẹ̀rẹ̀ ní 2007, Piazza del Campo ní Siena ló sì ń parí sí, lẹ́yìn òkè Via Santa Caterina tó le dé 16%. Ọ̀nà funfun Monte Sante Marie tí wọ́n ń gbà, tó jẹ́ kìlómítà 11.5, ni wọ́n fi sọrí Fabian Cancellara, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Switzerland, lẹ́yìn tó gba ìdíje náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ lè gùn ún fúnra yín lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọjọ́ tó bá wù yín. Táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 28 ni ó kéré jù, 32 ló dára, kí ẹ sì dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀. Àwọn ibi kan rí kọngun-kọngun bíi páànù òrùlé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti di hándùlù mú láìfi agbára fún un. Tí òjò bá rọ̀, ẹ yẹra fún wọn. Amọ̀ ni ilẹ̀ yẹn, á di ẹrẹ̀ tó ń dí bíréèkì àti ṣéènì pa. Ẹni tó bá wo Giro, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Ítálì, ní 2010, ọjọ́ tí wọ́n gba ọ̀nà funfun lọ sí Montalcino nínú òjò tí Cadel Evans sì borí lọ́jọ́ náà, mọ ohun tí mò ń wí: ẹrẹ̀ kò jẹ́ ká lè dá aṣọ ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u sílẹ̀, kí ó lè tutù. Ojú yín kí ó wà níbi tí ọ̀nà ń lọ, torí katakata lè jáde láti inú oko nígbàkugbà.

Omi: ẹ̀rọ omi wà ní ojúde ìlú púpọ̀, ó sì sábà máa ń wà ní itẹ́ òkú náà, èyí tó ti gbà mí sílẹ̀ nínú oòrùn líle. Tí ẹ bá rí “acqua non potabile” (omi tí kò ṣeé mu), ẹ má mu ún. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú kékeré máa ń tì láti nǹkan bí aago kan sí aago mẹ́rin ọ̀sán, nítorí náà ẹ ra oúnjẹ láàárọ̀. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá ló dára jù. Ní ìta ìlú, òfin ní kí kẹ̀kẹ́ tò tẹ̀lé ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná àti ẹ̀wù tó ń tàn di dandan.

Bí èmi bá ni, mo máa pín ọjọ́ márùn-ún yẹn báyìí. Siena gba Monteriggioni dé San Gimignano: ẹ sùn níbẹ̀, torí lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò bá ti lọ nírọ̀lẹ́ lẹ ó tó rí ilé ìṣọ́ 14 tó kù nínú 72 tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀ nígbà kan. Lọ́jọ́ kejì, Volterra. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé Porta all'Arco, ẹnubodè àwọn Etruscan, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣáájú àwọn ará Róòmù. Ní 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fẹ́ fọ́ ọ, àwọn ará ìlú hú òkúta títì wọn, wọ́n fi dí i pa, ẹnubodè náà sì wà títí dòní. Ọjọ́ kẹta, ẹ gba Colle di Val d'Elsa padà sí Siena. Ọjọ́ kẹrin, Asciano, Buonconvento, kí ẹ wá gun Montalcino. Ọjọ́ karùn-ún, San Quirico d'Orcia àti Pienza, ìlú tí Póòpù Pius Kejì bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́ ní 1459 torí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, dé Montepulciano ní mítà 605. Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Chiusi. Ọkọ̀ ojú irin agbègbè (regionale) tó ní àmì kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ mọ́ tiyín.