Èsì: Ford F-350 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà (pikọ́ọ̀pù tó ní táyà méjì-méjì lẹ́yìn) tó ń fì lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọkọ̀ yín ń fì sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà. Bí táyà tuntun àti aláínmẹ́ǹtì ẹ̀ẹ̀mejì ò bá dá fífì yẹn dúró, ẹ má ra shock sìtíárìn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà. Gbígbọ̀n ló máa ń bò mọ́lẹ̀. Kì í wo fífì sàn.

Track bar (ọ̀pá tó so áàsù iwájú mọ́ férémù kó má yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ 4x4 (tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn), ti ọdún 2005 sókè. (4x2, tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà ẹ̀yìn nìkan, ò ní in.) Ẹ má jáàkì ọkọ̀ o, ìwúwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí táyà.

1. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa yí sìtíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.
2. Kí mẹkáníìkì wo abẹ́. Bí orí track bar bá ń mì, ibẹ̀ ni.
3. Bí ọ̀pá tó wọ steering box (àpótí tó ń gbé yíyí sìtíárìn lọ sí táyà) bá ń yí, tí pitman arm (apá tó jáde lára box náà) ò tètè dáhùn, box ló ti jẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fún nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ pa. Sìtíárìn ò ní padà sáàárín mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye caster (bí ibi tí táyà iwájú ń yí lé ṣe tẹ̀ sẹ́yìn tó) lọ́wọ́ ẹni tó ṣe aláínmẹ́ǹtì. Toe (bí imú táyà méjèèjì ṣe kọjú síra tàbí yà síra) nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá di ẹrù nìkan ló ń fì, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn tó wà nínú. Òun ni wọ́n máa ń gbàgbé.