Ṣé kádàrá ni kí ọkọ máa ṣe ojúsàájú láàrin ìyàwó méjì?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù aláékùm, Aáfà. Èmi ni ìyálé. Látìgbà tí ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó kejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn jù. Odidi àpò ìrẹsì ni wọ́n ń gbé lọ fún un, èmi a máa fi kóńgò ra tèmi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kádàrá mi ni, kí n ṣe sùúrù. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá ní mi ò gbà?

ÌDÁHÙN: Wa aláékùm sàláàmù, ìyá wa. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Gbígba kádàrá gbọ́, rere rẹ̀ àti aburú rẹ̀, wà lára òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwáwí ni ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Àwọn ọ̀ṣẹbọ ti wí irú ẹ̀ nínú Alùkùránì, Súrà 6, áyà 148, pé ká ní Ọlọ́hun fẹ́ ni, àwọn kì bá tí ṣẹbọ. Ọlọ́hun bi wọ́n pé ìmọ̀ wo ló wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ wa ní kádàrá la fi ń tu ara wa nínú tí àdánwò bá dé, a kì í fi gbè lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n jí ọ̀kadà ọkọ yín gbé lónìí, kí olè ní kádàrá ni, ṣé á gbà?

Àwọn ọkùnrin wa fẹ́ràn Súrà 4, áyà 129: ẹ ò lè ṣe déédéé láàrin àwọn ìyàwó, bó ti wù kí ẹ gbìyànjú tó. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pa Alùkùránì dé. Áyà náà ò tíì tán o! Ó ní kí ẹ má ṣe tẹ̀ sí ẹnì kan pátápátá, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Ìfẹ́ inú ọkàn ni ẹ̀dá ò lè pín dọ́gba. Oorun alẹ́, oúnjẹ, aṣọ àti ilé, ọwọ́ ọkọ ni gbogbo ìyẹn wà. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pín ọjọ́ fún àwọn ìyàwó rẹ̀, ó sì tọrọ pé kí Ọlọ́hun má bá òun wí lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ òun. Ó tún ní ẹni tó bá fì sápá kan láàrin ìyàwó méjì á dé Ọjọ́ Àjíǹde ní ẹ̀gbẹ́ kan tó wọ́. Tí ìyàwó tuntun bá jẹ́ wúńdíá, alẹ́ méje ni tirẹ̀. Tó bá ti lọ́kọ rí, alẹ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, dọ́gba-n-dọ́gba ni.

Ẹni tó ń wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ ò bá kádàrá jà. Nígbà tí Kálífà Úmárù ń lọ sí Ṣáàmù, ìyẹn agbègbè Síríà, tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣẹ́rí padà. Abu Ubaydah, olórí ogun rẹ̀ ní Ṣáàmù, ní: “Ṣé kádàrá Ọlọ́hun lẹ ń sá fún?” Úmárù ní: “Bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun la ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun.”

Sáúdátù, ìyàwó Ànábì, fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ọjọ́ tirẹ̀ fún Áíṣà. Ẹ̀yin náà lè yọ̀ǹda tiyín. Ọkọ yín ò lè bá yín yọ̀ǹda rẹ̀.

Súrà 4, áyà 35 ní kí ẹnì kan wá láti ìdílé ọkọ, ẹnì kan láti ìdílé ìyàwó, láti parí ìjà. Ẹ pè wọ́n. Kí wọ́n tó dé, ẹ kọ ọjọ́ tí ọkọ yín sùn lọ́dọ̀ yín àti owó oúnjẹ tó fún yín sínú ìwé, torí tí ẹkún bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, ìwé yẹn á ṣì sọ ọ́.