HOA ní bọ́ọ̀sì iṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ sùn síwájú ilé tí mo fi owó ara mi rà

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà lórí HOA ló pọ̀ jù nínú àpò mi lóṣù yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti ìyá ọkọ lọ, ẹ wá wò ó. Mo mú mẹ́ta níbẹ̀. Fún ẹni tí ò gbé l'Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onílé inú ẹ̀sítéètì kan náà ló ń jẹ́ HOA, téèyàn bá ti ra ilé síbẹ̀ ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, ó fẹ́ ni o, ó kọ̀ ni o, á sì máa san owó ẹgbẹ́.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí. Ẹ̀bá Houston ní Texas lèmi àti ìyàwó mi ń gbé, ọdún tó kọjá la ra ilé wa. Mọ́tò mẹ́rin la ní: tèmi, ti ìyàwó mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́, ti ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti bọ́ọ̀sì funfun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ AC kiri, orúkọ iṣẹ́ mi àti nọ́ńbà fóònù wà lára ẹ̀, àkàbà wà lórí ẹ̀. Gárééjì ò gba mọ́tò kankan torí àwọn dúrọ́ọ̀mù tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ló kún ibẹ̀, dráífúwéè ò sì gbà ju mẹ́ta lọ, ìyẹn ni mo ṣe ń páàkì bọ́ọ̀sì sí títì iwájú ilé wa, kì í ṣe iwájú ilé ẹlòmíì o! Wọ́n kọ lẹ́tà kan wá ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo rò pé ìpolówó ni, mo bá jù ú nù. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni pósí mú òmíì wá tí mo sáìn fún, wọ́n ní mọ́tò iṣẹ́ ò gbọdọ̀ sùn lójú títì, $100 ni fáìnì ẹ̀, tí mi ò bá gbé e kúrò wọ́n á máa lé e sí i. Ìyàwó mi ní obìnrin ilé kejì ló lọ fẹjọ́ wa sùn torí ariwo ìkómọ tí a ṣe, látìgbà yẹn ni ò ti kí i mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dá wọn lóhùn rárá, kí n má tiẹ̀ san owó ọdọọdún wọn títí orí wọn á fi pé. Ṣé kí n gba lọ́yà ni? Báńkì ni mo jẹ lówó ilé, mi ò jẹ HOA.

Ìdáhùn: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kọ́kọ́ ní kí ọ̀rẹ́ yín lọ jókòó. Ti fáìnì ṣì dáa díẹ̀, ti owó ọdọọdún yẹn ló lè gbé yín kó sí kòtò. Lábẹ́ òfin Texas, HOA ò lè tìtorí fáìnì nìkan, tàbí owó lọ́yà tó tẹ̀lé fáìnì, gba ilé èèyàn tà. Àmọ́ owó ẹgbẹ́ tí ẹ ò san ńkọ́? Tí ìwé ẹ̀sítéètì bá ti fún wọn lágbára ẹ̀, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ ta ilé tí ẹ ń san owó ẹ̀ fún báńkì lóṣooṣù. Torí náà ẹ lè máa bínú sí fáìnì, àmọ́ ẹ san owó ọdún lásìkò. Òfin sì ti to bí owó tí ẹ bá san ṣe máa lọ: gbèsè owó ẹgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ, tọdún yìí á tẹ̀lé e, fáìnì wà lẹ́yìn níbẹ̀. Wọn ò lè fi owó ẹgbẹ́ dí ihò fáìnì kí wọ́n tún wá sọ pé ẹ jẹ owó ẹgbẹ́.

Ó yá, ẹ mú lẹ́tà tí ẹ sáìn fún yẹn wá síbi tí iná wà. Ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọjọ́ tí ẹ gbà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n fi sí pósí, ọjọ́ 30 lẹ ní láti kọ̀wé pé ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn tó ń darí HOA, gbọ́ tẹnu yín. Ìwé ni mo wí o, ẹ má pe ọmọ obìnrin tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ máa jà fún un, òun kọ́ ló ṣe òfin. Tí ẹ bá ti kọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìjókòó náà láàárín ọjọ́ 30 tí ìwé yín dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ fún yín ní fọ́tò àti gbogbo ìwé tí wọ́n fẹ́ fi mú yín, tí wọn ò bá fún yín, ìjókòó á sún síwájú ọjọ́ 15 láìjẹ́ pé ẹ bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ló máa kọ́kọ́ rojọ́, kí ẹ tó rò tiyín. Ẹ lè gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀ o, òfin gbà yín láàyè, ẹ ò ní láti fi fóònù pamọ́ sápò bí olè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé òfin Texas fúnra ẹ̀ dárúkọ páàkì mọ́tò, òun àti ajá tó ń gbó ṣáá, mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣeé tún ṣe. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní déètì tí ẹ máa fi tún un ṣe, tí ẹ bá ti gbé bọ́ọ̀sì kúrò kí déètì yẹn tó pé, wọn ò lè gba fáìnì lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n (ibi tó máa dùn yín nìyí) tí lẹ́tà tí ẹ jù nù yẹn bá ti fún yín láàyè láti tún un ṣe, tí ò sì tíì pé oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ṣẹlẹ̀, wọn ò jẹ yín ní ààyè òmíì. Ẹ kọ̀wé kí wọ́n fún yín ní kọ́pì ẹ̀, ẹ fi lẹ́tà oní-sáìn ránṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹ béèrè fún ìwé òfin fáìnì wọn náà, torí láti January 1, 2024 ni HOA Texas tó bá ń gba fáìnì ti gbọ́dọ̀ ní in lákọsílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ yìí iye yìí, tọ̀hún iye tọ̀hún. Tí $100 ò bá sí níbẹ̀, ẹ ti rí ọ̀rọ̀ sọ.

Lẹ́yìn náà ẹ wá òkìtì ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ sáìn ilé, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Èmi náà ò ka tèmi, ọdún kejì ni mo tó mọ̀ pé àwọ̀ pupa tí mo kùn sílẹ̀kùn mi ò bófin mu. Ẹ wo ohun tí wọ́n pè ní mọ́tò iṣẹ́. Níbòmíì ìwọ̀n mọ́tò ni wọ́n ń wò, níbòmíì orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni, àkàbà ni àwọn kan ń bá jà. Tó bá jẹ́ orúkọ ni ìjà, àkọlé onímágínẹ́ẹ̀tì wà tí ẹ lè ṣí kúrò lálẹ́ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ padà láàárọ̀. Ẹ wo ti títì náà: ṣé ti kántì (ìjọba ìbílẹ̀) ni, àbí ti ẹ̀sítéètì? Tó bá ní géètì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tiwọn, wọ́n lágbára lórí ẹ̀ dáadáa. Ní Arizona, òfin ti gba agbára lórí títì ìjọba lọ́wọ́ àwọn HOA tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2014, òfin 2023 sì ní kí àwọn àtijọ́ ti dìbò lé e lórí kí June 2025 tó parí. Ẹ má gbé òfin Arizona lọ síwájú bọ́ọ̀dù Texas o.

Kò tíì di ọ̀rọ̀ lọ́yà, $100 ò tó owó tí lọ́yà máa fi mu kọfí. Òótọ́ tí ẹ ò fẹ́ gbọ́ ni pé dúrọ́ọ̀mù ló ń páàkì nínú gárééjì yín. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sílé, mọ́tò kan á wọlé, bọ́ọ̀sì á rí àyè nínú dráífúwéè, tí ìwé bá gbà á síbẹ̀. Kí ìyàwó yín sì máa kí obìnrin yẹn. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀sítéètì máa ń wa mọ́tò kiri pẹ̀lú kámẹ́rà, ó lè jẹ́ pé obìnrin yẹn ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Florida lèmi wà. Píkọ́ọ̀pù ni mo ń wà, kò sí àkọlé kankan lára ẹ̀, HOA ní kò bá ẹ̀sítéètì mu, kí n má gbé e sí dráífúwéè mi. Ṣé lóòótọ́?

Ìdáhùn: Wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti July 1, 2024, òfin Florida ti sọ pé HOA ò lè dí yín lọ́wọ́ láti páàkì mọ́tò ara yín, tó fi mọ́ píkọ́ọ̀pù, sí dráífúwéè yín. Mọ́tò iṣẹ́ náà wọ inú ẹ̀ tí ò bá ti jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan fún wọn wẹ́rẹ́, láìbú ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá tún fẹ́ gba fáìnì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún yín ní ìwé ọjọ́ 14, kí kọmítì tí ò sí ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀dù níbẹ̀ sì gbọ́ ẹjọ́ yín.

Ìbéèrè: Àǹtí, wọ́n fa mọ́tò àlejò wa lọ láàárọ̀ Sunday, Dallas níbí. Owó tí wọ́n gbà kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀ ń dùn mí.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àlejò fúnra ẹ̀ ni kó lọ sí kóòtù Justice of the Peace (kóòtù kékeré) kan nínú kántì tí wọ́n ti fa mọ́tò náà, ọjọ́ 14 ló ní, Saturday, Sunday àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba ò sí nínú ẹ̀. Kó mú rìsíìtì dání, kẹ́yin náà lọ ya fọ́tò ibi tó páàkì sí lónìí, kí wọ́n tó rí àyè lọ kan bọ́ọ̀dù ìkìlọ̀ tí ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀.