Ọmọ tí kò fẹ́ jẹun: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mọ oúnjẹ náà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa: ọmọ ọdún 3 tó jẹ́ pé ìrẹsì funfun àti búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ, tó ń ti àwo sẹ́yìn bó bá ti fojú kan nǹkan aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Ẹ ti gé oúnjẹ bí ìràwọ̀, ẹ ti fi ṣe ojú ológbò, síbẹ̀ kò jẹ. Ẹ wá ń béèrè bóyá eré yìí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àbí àwọn àgbà ilé tó ní oúnjẹ kì í ṣe nǹkan eré ló jàre.

Ọmọ mẹ́ta ni mo tọ́, méjì nínú wọn sì fi ọ̀ràn oúnjẹ yọ mí lẹ́nu gan-an. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni pé eré ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ló yẹ kó ṣe é. Bí ẹ bá jókòó ti kùkúḿbà fún ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó gé e di ológbò, ẹ̀yin lẹ ṣeré, ọmọ kàn wòran ni. Á rẹ́rìn-ín, á pàtẹ́wọ́, á sì ti àwo náà sẹ́yìn bó ṣe máa ń tì í. Inú á wá bí yín nítorí wàhálà tẹ́ ẹ ti ṣe, ọmọ á sì rí i lójú yín. Ní tèmi o, fọ́tò ni ológbò yẹn dára fún.

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ ná. Ọmọ tó ń jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ nígbà tó wà ní oṣù 10 lè ṣàdédé máa sá fún oúnjẹ tuntun nígbà tó bá ti ń rìn káàkiri. Láàárín ọdún 2 sí 6 ni ìbẹ̀rù oúnjẹ tí ojú wọn kò mọ̀ máa ń le jù. Ara wọn pàápàá kì í fẹ́ oúnjẹ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́: kí ọmọ tó pé ọdún kan, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀wọ̀n ní ìlọ́po mẹ́ta bí wọ́n ṣe bí i, ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, bíi kílò 2 sí 3 péré ló máa ń fi kún un. Nítorí náà, ẹ má ṣe bu oúnjẹ àgbà fún un. Ṣíbí ńlá kan fún ọdún kan tó ti lò láyé, lórí oríṣi oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá tán, á tún béèrè.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ fún wa ni pé ó lè gbà tó ìgbà 8 sí 15 kí ọmọ tó gba oúnjẹ kan mọ́ra. Púpọ̀ nínú àwa ìyá ti máa ń jáwọ́ ní ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, a ó ní ọmọ yìí ò fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Kò sì dìgbà tó bá gbé e mì kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Kó fọwọ́ kàn án, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fà á ya, kó fi ahọ́n tọ́ ọ wò kó sì tu ú dànù, gbogbo rẹ̀ ló ń mú kí àjèjì di ojúlùmọ̀. Ibí gan-an ni eré ti wúlò.

Ọmọ yín fẹ́ràn ìrẹsì funfun, àbí? Ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá kábéèjì aláwọ̀ àlùkò, kí ọmọ bá yín fa ewé rẹ̀ ya sínú ìkòkò. Ẹ sè é fún bí ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi omi yẹn se ìrẹsì. Ìrẹsì náà á jáde pẹ̀lú àwọ̀ búlúù tó fara pẹ́ àlùkò. Tó bá ti lọ wọ́ọ́rọ́, ẹ bu díẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ wá fún un ní ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ kó fún un sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí omi ọsàn bá kán sí á di píńkì lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe idán o. Aró inú kábéèjì yẹn ló máa ń pọ́n tí nǹkan kíkan bá ti kàn án. (Ẹ kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ ọmọ wò. Bí egbò bá wà níbẹ̀, ọsàn á ta á, eré á sì dẹkún.)

Àbíkẹ́yìn mi fún ọsàn yẹn títí ìrẹsì fi kan. Ó lá àtàǹpàkò rẹ̀, ó dijú, ó fún imú pọ̀, ó sì tún un lá. Lẹ́yìn náà ló fi ìka ṣa àwọn hóró píńkì jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àwọn tó ṣì jẹ́ búlúù sílẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí àwo tèmi kó lè bá mi fún ọsàn sí i. Ìgbà yẹn ló béèrè ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Mo fún un ní ewé kábéèjì kan. Ó gé e jẹ, ó tu ú. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn sún àwo kékeré kan sí i láti máa tu ú sí. Kó tó jẹ kábéèjì gan-an, ó ṣe díẹ̀ o, kí n má parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà ni kò ti sá fún un mọ́.

Àwọn eré yòókù ò le. Ọmọ ọdún 3 lè ṣan ẹ̀fọ́ nínú abọ́ omi, ó lè fi fọ́ọ̀kì tẹ ọ̀dùnkún sísè, ó lè bó ẹyin. Ẹ jẹ́ kó di etí rẹ̀ kó sì gé kùkúḿbà jẹ, kó wá sọ fún yín bó ṣe ń dún nínú orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fún oúnjẹ ní orúkọ tó bá wù ú. Ọbẹ̀ tàbí bọ́tà ẹ̀pà lílọ̀ nínú abọ́ kékeré tó lè máa ki nǹkan bọ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ tọ́ nǹkan wò, bí ẹ̀pà kò bá ti ń bá ara rẹ̀ jà.

Èyí tí mi ò fara mọ́ ni eré tó jẹ́ ọgbọ́n àtifipá bọ́ ọmọ. Ṣíbí tó ń fò bí ọkọ̀ òfuurufú wà lára rẹ̀: bí ọmọ bá ti yí orí padà, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “jẹ ẹyọ kan péré, màá fún ẹ ní súìtì.” Súìtì náà á wá níyì sí i lójú rẹ̀, ẹ̀fọ́ á dà bí ìyà tó gbọ́dọ̀ jẹ kó tó dé ìdí adùn. Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, Ellyn Satter, ti pín iṣẹ́ yìí lọ́nà tó mọ́gbọ́n dání: òbí ló máa pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n máa ti jẹ ẹ́, ọmọ ló máa pinnu bóyá òun máa jẹ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e ni ariwo kúrò nídìí oúnjẹ wa. Mi ò sì ń lọ ẹ̀fọ́ pa mọ́ sínú oúnjẹ tí ọmọ fẹ́ràn. Tó bá já a, ìrẹsì tẹ́ ẹ ní ọ̀hún náà á di ohun ìfura. Ẹ lọ̀ ọ́ lójú rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó tẹ ẹ̀rọ.

Ẹ wo mílíìkì náà. Ọmọ tó bá ń mu ju bí ìdajì lítà lọ lójúmọ́, ikùn rẹ̀ ò lè ṣófo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè máà ní áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó. Bísíkíìtì tó ń jẹ káàkiri ilé náà ńkọ́? Kò sí eré tó lè mú ọmọ tó ti yó jẹun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí rèé o: eré gbọ́dọ̀ dúró bí oúnjẹ bá ti wọ ẹnu. Ìjókòó ni kó ti jẹ ẹ́, kì í ṣe orí ìrìn tàbí eré sísá. Ẹ la èso àjàrà àti tòmátì wẹ́wẹ́ sí mẹ́rin ní òòró. Kárọ́ọ̀tì tútù le jù fún un, ẹ rin ín tàbí kẹ́ ẹ sè é kó rọ̀. Ẹ̀pà odindi, gúgúrú àti súìtì líle kò sí fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ rárá. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń rù, tó máa ń há a lọ́fun lemọ́lemọ́, tàbí tí ìwọ̀nba oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ tún ń dín kù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìyẹn kọjá eré.

Ní ti àwọn àgbà, wọn ò jẹ̀bi tán. Nílé wa, ìdí ìgbọ́únjẹ ni a ti ń ṣeré jù. Bí a bá dé orí tábìlì, ọmọ lè fọwọ́ kan oúnjẹ, ó lè gbóòórùn rẹ̀, ó lè fi í sílẹ̀. Bó bá jù ú, mo gbé àwo kúrò láìbínú, oúnjẹ parí nìyẹn títí di àsìkò tó kàn. Ẹ pe ẹni tó ń bínú jù nínú wọn kó wá bá ọmọ bó ẹyin. Ìyá ọkọ mi ni ó wá di ọ̀gá nídìí rẹ̀, ó ní tòun kì í ṣe eré, iṣẹ́ lòun ń kọ́ ọmọ.

Ọjọ́ tẹ́ ò bá ní kánjú ni kẹ́ ẹ dán ti ìrẹsì yẹn wò, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ tó ti gbó fún un. Omi kábéèjì yẹn ń pa aṣọ láró.