Páálí ìwé àwòrán tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyá mi tí ó ń ta àdìrẹ. Iṣẹ́ àwòrán ni mo kọ́. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti ń ya ìwé kómíìkì nípa obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣe àdìrẹ, tí wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn bí ọkọ àti aya. Orí fóònù ni mo ti ń tà á pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ. Ìwé kẹta, tí ó jẹ́ ojú-ewé 24, gbà mí ní oṣù mẹ́ta. Mo tẹ 40 ẹ̀dà rẹ̀ ní náírà 2,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tà á ní 2,500. Méjì péré ló tíì lọ. 38 tó kù wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé e lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Oníbàárà kan tí n kò rí rí ní òun fẹ́ wá gba tirẹ̀ nílé. Ọ̀rẹ́ mi mìíràn ní Berlin ní òun lè máa bá mi tà á lọ́hùn-ún. Ìyá mi ń béèrè ohun tí mò ń yà lóru. Ṣé ojo ni mí bí n kò bá lè fi orúkọ mi sí iṣẹ́ mi, tí n kò sì lè tà á ní ìlú tí wọ́n bí mi sí? — Ọmọ Aládìrẹ*

Ọmọ Aládìrẹ, àbúrò mi, mo kí ọ. Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí ó dá mi lójú pé òun ni ó ń gba oorun lójú rẹ ju ọ̀rọ̀ owó lọ. O kì í ṣe ojo. Bí eégún bá jáde ní àdúgbò rẹ, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà nínú ẹ̀kú, àwọn mìíràn tilẹ̀ mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ará ọ̀run ni gbogbo wa ń pè é, ẹni tí ó bá sì dárúkọ rẹ̀ láàárín agbo ni a ń bá wí, a kì í bá ẹni tí ó gbé ẹ̀kú wọ̀ wí. Akinọla Laṣekan, tí ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn West African Pilot nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, "Lash" ni ó ń buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀. N kò sọ pé ó ń sá fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ tí ó wà lábẹ́ àwòrán, ti àwòrán náà ni, kò pọn dandan kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ lẹ́tà ìfẹ́ gba owó, n kò sì fi orúkọ mi sí ẹyọ kan rí.

Ní ti ọdún Ọ̀ṣun, má ṣe gbé ìwé yẹn débẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún akọsákọ tàbí abosábo tí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn, tàbí tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, yálà ní tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Lóòótọ́, òfin náà kò dárúkọ ìwé kómíìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí "gbangba" àti "ẹ̀bùrú" jẹ́ aṣọ tí ó fẹ̀ gan-an, ọlọ́pàá tí ó bá gbá páálí rẹ mú ní ẹnu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun kò sì ní jókòó bá ọ túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ń rò ó pé àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ni yóò dúró nídìí tábìlì rẹ, nítorí pé UNESCO ti fi igbó náà sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Àwọn àlejò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì Òṣogbo náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n sì ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ wà lára wọn. Tún ro ti ẹni tí yóò ra ìwé náà. Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó nílò rẹ̀ kò lè na ọwọ́ sí i lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ó bá sì nà án, ìwọ ni o fi í sínú ewu.

Má jẹ́ kí èyí dùn ọ́ bí ẹni pé ìlú rẹ kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọnà Òṣogbo tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, kì í ṣe ògiri ilé wa ni ó kọ́kọ́ gbé e kọ́. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀, eléré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ará Jámánì, dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, tí àwọn ọ̀dọ́ bíi Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Twins Seven-Seven, ẹni tí ó jẹ́ pé oníjó ni nígbà tí ó dé, bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwòrán, àwọn àjèjì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn àkọ́kọ́. Àwọn ará ilé ń wò wọ́n pé kí ni wọ́n ń fi ọ̀dà ṣòfò sí. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn yẹn ní ojo nítorí pé ìlú òkèèrè ni owó wọn ti ń wá, Òṣogbo ni wọ́n sì ń gbé. Nínú irú iṣẹ́ tìrẹ gan-an, bí ó ti rí náà nìyẹn: ní Amẹ́ríkà ní 1973, Mary Wings fúnra rẹ̀ ni ó tẹ ìwé kómíìkì rẹ̀ lórí ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alice Oseman bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kómíìkì rẹ̀ lórí ọmọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2016, ọdún 2018 ni àwọn òǹkàwé rẹ̀ tó dáwó jọ kí ó fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, lẹ́yìn náà ni ilé ìtẹ̀wé tó gbà á. Òǹkàwé ni ó kọ́kọ́ kó jọ, kí ó tó ra bébà. Ìwọ ti ra bébà kí o tó mọ ibi tí òǹkàwé rẹ wà; ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ wà, kì í ṣe nínú àwòrán.

Jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ owó, nítorí pé ó bí mi nínú. 40 ẹ̀dà ní náírà 2,200 jẹ́ náírà 88,000. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà ní 2,500, ìwọ yóò rí 100,000, èrè rẹ yóò sì jẹ́ 12,000, ìyẹn náírà 500 péré lórí ojú-ewé kan tí o fi oru yà, fún oṣù mẹ́ta. Lọ jókòó ti ìyá rẹ nísọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí o gbọ́ bí ó ṣe ń dá iye owó àdìrẹ. Kò ní ṣírò aṣọ funfun nìkan. Yóò ka lẹ́búlẹ́bú tí ó fi ro ẹ̀kọ, yóò ka aró, yóò ka ẹni tí ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya bátànì sí i, yóò ka àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi rẹ ẹ́ tí wọ́n sì fi sá a, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi èrè lé e. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ rẹ̀, ìwọ ka bébà nìkan. Nítorí náà, fi orí fóònù ṣe ọjà rẹ gan-an, kí o sì ta fáìlì ìwé kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 5 fún àwọn tí wọ́n wà lókè òkun. Fáìlì kò ní ìtẹ̀wé, kò ní páálí, o sì lè ta á ní ìgbà ẹgbẹ̀rún láìtún ya nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ń kùn pé dọ́là 5 ti pọ̀ jù fún àwòrán, kì í ṣe oníbàárà rẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé ni ó máa ń tú ènìyàn fó. O ní orúkọ ìnagijẹ ni o fi ń tajà, àmọ́ bí o bá ń fún àwọn oníbàárà ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ, o mọ̀ pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán lórí fóònù, orúkọ rẹ àti ti bàbá rẹ ni yóò yọ sí wọn lójú kí wọ́n tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀kú rẹ ti ya láti ẹ̀yìn nìyẹn. Jáwọ́ nínú rẹ̀ láti òní. Lo ibi ìtajà tí ó jẹ́ pé òun ni oníbàárà ń sanwó fún, tí òun náà á wá san tìrẹ fún ọ. Gumroad, fún àpẹẹrẹ, ń yọ ó kéré tán 10% lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, mo sì kà á sí owó aṣọ ìbòjú. Bí o bá ń rò ó láti forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, ìyẹn dára fún káàdì ìkíni àti àwòrán ojú ènìyàn bí o bá ń yà wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé gbangba ni ìwé wọn, nítorí náà má ṣe so ó mọ́ kómíìkì yìí. Yẹ àwọn fáìlì rẹ náà wò, nítorí kọ̀ǹpútà a máa fi orúkọ ẹni tí ó ni ín sínú PDF láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́tò tí o bá sì fi fóònù yà lè gbé àmì ibi tí o dúró sí dání.

Má sì ṣe kó gbogbo ẹyin rẹ sí ìtẹ́ kan ṣoṣo. Ní 2024, Gumroad mú òfin rẹ̀ le sí i lórí àwòrán ìhòòhò, ní oṣù keje ọdún 2025 ibi ìtajà mìíràn, itch.io, náà yọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ibi tí àwọn ènìyàn ti lè wá a rí, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń bá wọn gba owó káàdì ni ó sì fa méjèèjì. O kò sọ bóyá aṣọ wà lára àwọn obìnrin méjì rẹ ní gbogbo ojú-ewé. Bí kò bá sí, mọ̀ pé ilẹ̀kùn lè tì mọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí o sì ní àdírẹ́sì í-meèlì àwọn òǹkàwé rẹ lọ́wọ́ ara rẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ó wà ní Berlin ni mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà rẹ. Jẹ́ kí ó máa tẹ ìwé náà lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀, bí ó bá ṣe ń tà. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn oníwé kékeré ń lò níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Riso, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń tẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí o bá ya ìwé kẹrin ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ àwọ̀ aró, owó ìtẹ̀wé yóò wálẹ̀, ìwé náà yóò sì jọ aṣọ tí ìtàn rẹ dá lé lórí. Ojú-ewé 24 tí o ń lò dára, nítorí bébà tí a ká sí méjì ń di ojú-ewé mẹ́rin, nítorí náà iye tí 4 lè pín ni kí o máa yà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ ni ọ̀rẹ́, owó ni owó. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kódà bí ó jẹ́ nínú í-meèlì, pé o fún un láyè láti tẹ iye ẹ̀dà báyìí kí ó sì tà á, pé ìpín rẹ jẹ́ báyìí, àti pé o kò fún un ní iṣẹ́ náà pátá. Lábẹ́ òfin kópíráìtì Nàìjíríà ti 2022, ìwọ ni o ni àwòrán rẹ láti ìgbà tí o ti yà á, ìnagijẹ kò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé o ti gbé e lé òun lọ́wọ́ láìsí ìwé. Tọ́jú àwọn bébà tí o kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà. Àwọn ni ẹlẹ́rìí rẹ.

Ẹni tí ó fẹ́ wá gba ìwé nílé, má ṣe dá a lóhùn mọ́. Ó lè jẹ́ ènìyàn rere. Ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń dẹ pańpẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kító, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni wá ìfẹ́ títí wọn yóò fi rí ojú rẹ àti ilé rẹ, lẹ́yìn náà owó ni wọn yóò máa béèrè. Ẹni tí ó bá san án lẹ́ẹ̀kan ni yóò máa san án lọ. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ ọ, má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ó kọ rẹ́, wá agbẹjọ́rò. Ẹgbẹ́ TIERs, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn akọsákọ àti abosábo, tí ó sì wà ní Èkó láti 2005, náà mọ irú ẹjọ́ yìí dáadáa.

Ó wá ku ìyá rẹ. O kò sọ fún mi bóyá ìtàn àwọn obìnrin méjì yẹn jẹ́ ìtàn tìrẹ náà, n kò sì ní béèrè. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú ìbéèrè ìyá rẹ, má sì jẹ́ kí ó fi ọ̀kan mọ ìkejì. Iṣẹ́ tí o ń ṣe, sọ ọ́ fún un: pé o ń ya ìwé àwòrán lórí àwọn aládìrẹ, pé àwọn tí wọ́n wà lókè òkun ni ó ń rà á. Òótọ́ ni, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Fún un lówó láti inú rẹ̀, kí ó mọ̀ pé oru tí o ń jẹ kò lọ lásán. Bí ìwọ bá ní ohun mìíràn láti sọ fún un, ọjọ́ tí ó bá wù ọ́ ni kí o sọ ọ́, láti ẹnu ara rẹ, pẹ̀lú ibi tí o lè sùn sí bí ilé bá gbóná. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé ìgbálẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tí ó bá ń gbá yàrá rẹ. Àwọn 38 yẹn, má ṣe sun wọ́n. Wá ẹni tí o fọkàn tán tí ó ń lọ sí Jámánì kí o di wọ́n mọ́ àárín àdìrẹ fún un, bí òun náà bá mọ ohun tí ó ń gbé tí ó sì gbà. Bí kò bá sí, pín wọn kúrò nílé sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, kí páálí yẹn ti kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.