Èsì: Píjò 504 tó ń kú ní sílò (ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́rótù)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà ọkọ̀. Ẹ ní 504 yín ń sáré dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù nínú gò-sílò Ńyáńyá l'Ábùjá, ó kú nìyẹn, mẹkáníìkì sì ní kí ẹ ra kabúrétọ̀ mìíràn (ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnì). Ẹ má tíì náwó o!

Sílò jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré inú kabúrétọ̀ tí epo ń gbà kọjá ní sílò, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ihò rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Eruku ọyẹ́ ibí yìí àti ìdọ̀tí inú táǹkì kì í pẹ́ dí i. Ẹ tú u, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ ò bá rí ìmọ́lẹ̀ lódì kejì, ó ti dí. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ẹ má fi wáyà gún un: mo gún tèmi lọ́jọ́ kan ní Kúbwà, ihò fẹ̀, ọkọ̀ wá ń mu epo bí ọ̀mùtí.

Bí jẹ́ẹ̀tì bá mọ́, ẹ kán omi ọṣẹ sí ìdí kabúrétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, atẹ́gùn ń yọ́ wọlé níbẹ̀; gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí àlàfo ìdí rẹ̀ ni, tàbí rọ́bà tó ti là. Ẹ wo rọ́bà tó lọ sí búréèkì náà.

Síkúrù ara kabúrétọ̀ tó ń ṣètò àpòpọ̀ epo àti atẹ́gùn ní sílò ló kẹ́yìn. Ẹ rọra yí i wọlé títí yóò fi dúró, ẹ má fún un pa, kí ẹ wá yí i síta ní ìyípo kan àbọ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ yóò fi dọ́gba.